Ohun Tí Mo Rí Lábẹ́ Píkọ́ọ̀pù Ẹ̀gbọ́n Mi

Oǹdó ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń ṣe. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ a máa rẹ́rìn-ín, torí kò sí omi tó tó ọkọ̀ wà ní gbogbo àdúgbò ẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń bi í pé ṣé ìkún-omi Nóà ló ń retí ni. Á ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n tètè wá gba ààyè kó tó kún. Fáíbà ló fi ń ṣe é, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe táǹkì omi. Táǹkì náà ló kọ́kọ́ ń ṣe, kí àwọn apẹja kan láti apá Igbókòdá tó wá bá a pé ṣé kò lè bá àwọn ṣe ọkọ̀ tí kò ní máa jẹrà bíi ti pákó. Ó ṣe ọ̀kan fún wọn, ó dára, ni wọ́n bá ń wá.

Bí ọkọ̀ yóò ṣe dé ibi tí omi wà ni ìṣòro. Lọ́rì ló máa ń háyà. Àwọn onílọ́rì á gbé ọkọ̀ lé orí iṣu, wọ́n á tún gbé pákó lé ọkọ̀ lórí, wọ́n á fi okùn fún un. Nígbà tó bá fi máa délẹ̀, etí ẹ̀ á ti là. Oníbàárà á wò ó, á ní òun kò gbà. Ọkọ̀ méjì ló ti padà wá bá a báyìí, tí ewúrẹ́ àdúgbò ń sùn sínú wọn. Ìyẹn ló mú un pinnu pé òun á ra píkọ́ọ̀pù tòun, òun á sì máa fa ọkọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló sọ ní ọmọ-ẹ̀yìn. Ó ní ibi tí ọ̀gá bá lọ ló ń lọ, kì í béèrè ọ̀nà.

Èmi ni mo jó ọmọ-ẹ̀yìn náà fún un. Wẹ́dà ni mí, ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Ìwé mi kò pọ̀. Ìwé kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti dúró tí mo lọ kọ́ṣẹ́. Nítorí náà, bí mo ṣe rántí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣe kọ ọ́.

Dírẹ́bà tí ẹ̀gbọ́n mi gbà fún iṣẹ́ náà jẹ́ àgbàlagbà, ọmọ ẹ̀bá omi gan-an. Nígbà tó ṣì wà ní géńdé, ọkọ̀ tó ń fa jẹnẹrétọ̀ ńlá ló ń wà fún àwọn tó ń la ọ̀nà káàkiri. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Kí a tó ra ohunkóhun, ẹ̀gbọ́n mi pè é jókòó, ó ní kó sọ irú ọkọ̀ tí yóò dára. Bàbá jókòó lé táǹkì kan tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ títí ọbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná lórí iná nínú ilé. Ó ní kí a má wo ọkọ̀ tó dán. Kó jẹ́ díẹ́sẹ́lì, torí díẹ́sẹ́lì ní sùúrù tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Kí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ wúwo ju ohun tó máa fà lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹrù ni yóò máa darí ọkọ̀. Kí a wo sípíríǹgì ẹ̀yìn bóyá ó ṣì tẹ̀ bí ọrun tàbí ó ti nà gbalaja. Kí a gbé jíà sí i kí a gun òkè pẹ̀lú ẹ̀, kí a má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á bá wa wà á ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ló wá nawọ́ sí mi.

Ó ní, "Ojú ọkọ̀ kò fa nǹkan kan. Abẹ́ ẹ̀ ló ń fà á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Àkúrẹ́ yìí wọ abẹ́ ẹ̀, kó sọ ohun tó bá rí. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn."

Mo ní ó yé mi.

Píkọ́ọ̀pù mẹ́ta la wò. Èyí àkọ́kọ́ ga, ó sì dùn ún wò, ará Amẹ́ríkà ni. Epo bẹntiróò ló ń lò, ó sì ń mu ún bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ó jókòó sínú ẹ̀, ó ń fọwọ́ pa sìtíárì, èmi ni mo fà á jáde. Èkejì jẹ́ ti oníṣòwò kòkó kan ní Oǹdó. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ le, ṣùgbọ́n àpò kòkó ti jókòó lé sípíríǹgì ẹ̀ lọ́dún púpọ̀ débi pé ó ti nà bí apá ẹni tó sùn. Onítọ̀hún ní a lè pààrọ̀ sípíríǹgì. Mo wọ abẹ́ ẹ̀, mo rí i pé ẹsẹ̀ tó gbé sípíríǹgì náà ti jẹrà. Mo jáde, mo sọ ọ́ lójú ẹni tó ni ọkọ̀, kò sì ṣe mí bí ohunkóhun. Ó bínú sí mi díẹ̀, ó ní ọwọ́ mi dọ̀tí ju ọkọ̀ òun lọ. A rẹ́rìn-ín, a sì lọ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀gá mi pè mí sí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọ̀gá mi yìí kó yé yín. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni, kò sì sí ibi tí o gbé irin tó jó sí tí n kò ní mọ̀ ọ́n. Ojú jíjó ẹ̀ ń rìn láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, ibi tó bá sì parí sí, á fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ ní róbótó kan, bí ẹni tó fi àmì sí ìparí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, mo dọ̀bálẹ̀, ó gbàdúrà fún mi, ó da omi tútù sílẹ̀ níwájú mi kí n tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ó wá fún mi ní òfin kan tó ń fún gbogbo àwa tó jáde lábẹ́ ẹ̀: pé bí a bá bá iṣẹ́ òun pàdé níta, kí a má tú òun fó lójú oníbàárà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Àwa wẹ́dà Àkúrẹ́ mọ òfin yẹn. Mo mọ ẹni tí wọ́n lé kúrò nínú ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́ta nítorí ẹ̀.

Píkọ́ọ̀pù ẹ̀kẹta yìí jẹ́ ti olùkọ́ kan ní yunifásítì, oníbàárà ọ̀gá mi. Ará Japan ni, díẹ́sẹ́lì, àwọ̀ eérú, sípíríǹgì ẹ̀ tẹ̀ dáadáa. Olùkọ́ náà kò fi pamọ́ pé ó ti kó sí kòtò rí lọ́nà oko òun, ó ní wọ́n sì ti bá òun tún un ṣe. Ọ̀gá mi dúró tì í, ó ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣàwàdà. Ẹ̀gbọ́n mi gùn ún lọ sí òkè kan, ó padà wá, eyín ẹ̀ wà níta. Ó wá ní, "Ó ku ìwọ."

Mo wọ abẹ́ ẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo ẹ̀, ó mọ́. Mo fi ìka tẹ ṣáásí, irin gígùn tó gbé ọkọ̀ ró, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Nígbà tí mo kọjá àkísù ẹ̀yìn, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, ní apá òsì, mo rí ibi kan tó wú díẹ̀. Mo fi èékánná ha ọ̀dà, fílà, nǹkan funfun tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ fi ń dí ojú ihò, jáde lábẹ́ ẹ̀. Mo ha fílà, mo bá irin tí wọ́n jó. Ṣáásí náà ti kán níbẹ̀ rí, wọ́n wá jó orí méjèèjì pọ̀ lásán, wọn kò fi irin pẹlẹbẹ dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú jíjó náà ń lọ láti ọ̀tún sí òsì. Ní ìparí ẹ̀, róbótó kan.

Ibẹ̀ gan-an ni tóòbà, irin tí wọ́n ń so ọmọ-ẹ̀yìn mọ́, yóò jókòó lé.

Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn. Bàtà ọ̀gá mi ni mo ń wò jù, bàtà awọ tí iná ti dá lu. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé nínú gbogbo ọmọ tóun kọ́, èmi yìí ni ojú ẹ̀ mú jù, pé bí mo bá ní ó dára, ó dára nìyẹn. Mo mú ẹrẹ̀ díẹ̀ láti ara táyà, mo fi pa ibi tí mo ha. Mo jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí lo rí?"

Mo ní ó dára.

Mo ti ronú ọ̀rọ̀ méjì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà náà, mo sọ fún ara mi pé òfin ni mo ń pa mọ́. Mo tún ní bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, èmi fúnra mi á fi irin pẹlẹbẹ dì í, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ọ̀gá kò ní tẹ́, ẹ̀gbọ́n kò ní pàdánù. Ó dà bí ọgbọ́n lójú mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá wa píkọ́ọ̀pù náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsìkàn kí n fi tóòbà sí i. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi ṣe é. Mo gé irin pẹlẹbẹ, mo dì í mọ́ apá òsì, mo jó o yí ká, mo wá lu bóòtù kọjá. Ohun tí n kò rò ni pé iná tuntun tí mo fi kún iná àtijọ́ yóò tún mú irin tó ti rẹ̀ rẹ̀ sí i. Ó yẹ kí n mọ̀. Ọ̀gá mi kọ́ mi. Ìdí tí n kò fi rò ó ni pé mo ń yára kí Bàbá má baà wò ó.

Àwọn yòókù ni a fara balẹ̀ ṣe. A gbé bọ́ọ̀lù tóòbà sí gíga tó fi jẹ́ pé ọrùn ọmọ-ẹ̀yìn tẹ́jú, kò gbé orí sókè, kò doríkodò. A fa wáyà sẹ́yìn kí iná bíréèkì lè máa tàn lára ọmọ-ẹ̀yìn. A fi dígí gígùn sí ìlẹ̀kùn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní píkọ́ọ̀pù ti wá di ehoro. A fi ẹ̀rọ róbótó kan sí iwájú ọmọ-ẹ̀yìn tí wọ́n fi ń yí okùn irin, kó lè fa ọkọ̀ gun orí ẹ̀ láìsí pé èèyàn mẹ́wàá ń ké hẹ́ẹ̀pù.

Ibi ṣéènì ni èmi àti Bàbá ti fẹ́ jà. Ṣéènì yìí ni yóò di ọmọ-ẹ̀yìn mú bí tóòbà bá já. Mo fẹ́ so ó mọ́ ara tóòbà, torí ibẹ̀ rọrùn. Bàbá ní rárá, kí n lọ so ó mọ́ ṣáásí níwájú, nítòsí àkísù. Mo ní Bàbá, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, màá tún dùbúlẹ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀.

Ó ní, "Bí tóòbà bá lọ, ṣé ṣéènì tó wà lára ẹ̀ ni yóò dúró? Ẹni tó ń ṣọ́ ilé kì í sùn sínú àpótí tí olè fẹ́ gbé."

Mo kùn, mo wọ abẹ́, mo so ó síbi tó ní. Mo ń bínú pé àgbàlagbà yìí ń yọ mí lẹ́nu.

Ọkọ̀ kékeré méjì kọ́kọ́ lọ, wọ́n dé láì ní ìfárapa. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí lórí fóònù, inú ẹ̀ dùn débi tí kò fi jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ ńlá, èyí tí ẹgbẹ́ apẹja kan bẹ̀ ẹ́ ṣe, tó ti ń bá yí látìgbà òjò. Mo wà ní Oǹdó lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbé e lọ, ni ẹ̀gbọ́n mi bá ní kí n tẹ̀lé Bàbá nínú ọkọ̀, òun á gun ọ̀kadà bọ̀ lẹ́yìn títí a ó fi jáde ní ìlú.

Bàbá fúnra ẹ̀ ló gbé ọkọ̀ sórí ọmọ-ẹ̀yìn. Ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ gbé ọrùn ọmọ-ẹ̀yìn wò títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní orí gbọ́dọ̀ wúwo ju ìdí lọ díẹ̀; bí ìdí bá wúwo jù, yóò máa jó sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà bí ọ̀mùtí. A jáde. Ọkọ̀ ń rọra lọ. Mo ń wo inú dígí, ọmọ-ẹ̀yìn ń bọ̀ gbọnrangandan, kò yà sí ọ̀tún, kò yà sí òsì. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ibi tí mo wí yìí.

Lẹ́yìn tí a jáde ní ìlú, lọ́nà Òkìtìpupa, ìsọ̀kalẹ̀ kan wà níbẹ̀, kòtò kékeré sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Bàbá ti fà jíà sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Táyà ẹ̀yìn wọ kòtò, ó jáde, mo sì gbọ́ nǹkan tó dún gbà lẹ́yìn wa, bí ìgbà tí wọ́n bá fi òòlù lu àgógó. Píkọ́ọ̀pù fúyẹ́ lójijì. Nínú dígí, mo rí ọrùn ọmọ-ẹ̀yìn tó ń ha ọ̀dà títì, iná ń ta jáde lára ẹ̀. Tóòbà ti ya, ó sì mú ègé ṣáásí kan dání.

Bọ́ọ̀sì kan tó kún fún akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ níwájú. Bàbá kò fẹsẹ̀ kan bíréèkì. Ó ní "jókòó" fún mi, jẹ́jẹ́, ó sì ń rọra fà wá sí ẹ̀gbẹ́. Ṣéènì le gbagidi, ó di ọmọ-ẹ̀yìn mú. Bọ́ọ̀sì náà kọjá, àwọn ọmọ náà yọrí sí fèrèsé láti wò wá. Lẹ́yìn náà ni ọmọ-ẹ̀yìn dà sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ ńlá náà yọ̀ kúrò, ó kó sí gọ́tà, ó sì kán sí méjì láàárín.

Kò sẹ́ni tó ṣèṣe. Ṣéènì tó wà níbi tí Bàbá ní kí n so ó sí ló ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ṣì ń tẹ̀lé wa bọ̀, dé lórí ọ̀kadà. Ó lọ dúró lórí ọkọ̀ tó kán, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ etí ẹ̀. Ó padà wá, ó sì kọjú sí mi, kò kọjú sí Bàbá. Ó ní ìwọ lo mọ irin, kí ló ṣẹlẹ̀?

Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ègé ṣáásí náà wà nílẹ̀, fílà funfun wà ní ẹnu ẹ̀, ojú jíjó ọ̀gá mi wà níbẹ̀, tèmi náà wà lórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ohun tó ń wò ni.

Mo ní, "Bí ìdí ọkọ̀ bá ń jó lẹ́yìn, kò sí irin tí kò lè ya."

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, kò sì bá ọjọ́ yẹn mu. Bàbá wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbé e sórí ẹ̀." Ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ míràn tí n kò fẹ́ kọ. Bàbá kò jiyàn. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì rìn lọ sí apá ìlú.

Oǹdó kì í ṣe ìlú tí ọ̀rọ̀ ti ń pẹ́ nílẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo gáréèjì ti gbọ́ pé dírẹ́bà kan da ọkọ̀ ojú omi sí gọ́tà. Wọ́n sọ ọ́ ní Kápútéènì. Wọ́n ní òun nìkan ni kápútéènì tí ọkọ̀ rì mọ́ lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bàbá wá iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fa ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ọ rí. Ó wá ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá tí kì í ṣe tiẹ̀. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan ní orítá, tó ń ké pe èrò. Mo gba ẹ̀yìn ilé kan lọ.

Bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ yá gíráńdà lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ó bi mí pé píkọ́ọ̀pù olùkọ́ ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ó ti wà nílẹ̀, tóòbà ẹ̀ ti ya. Ó pa mẹ́ṣíìnì. Ó bọ́ gọ́gù ojú ẹ̀.

"Tóòbà wo? Kí ni ẹ fi ń fà?"

"Ọkọ̀ ojú omi, sà."

"O rí ibi tí mo jó lábẹ́ ẹ̀?"

"Mo rí i, sà. Lọ́jọ́ tí a wá rà á."

Ó jókòó lórí sílíńdà. Ó ní iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé fún òun ni kí ọkọ̀ lè máa gbé e dé oko, òun sì sọ fún un pé kó má fi fa ohunkóhun láé. Ó ní táǹkì òfìfo ni òun rò pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ máa gbé sẹ́yìn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ti fífà fún òun. Mo ronú, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Mo pè é lórí fóònù pé ẹ̀gbọ́n mi ń wá píkọ́ọ̀pù, n kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Mo ní òfin ni mo tẹ̀lé, pé n kò fẹ́ fi ọwọ́ òsì júwe iṣẹ́ ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì ẹ̀ sókè, ó wò ó.

Ó ní, "Ọwọ́ òsì yìí náà ni mo fi ṣe é. Ọwọ́ wo lo tún fẹ́ fi júwe ẹ̀?"

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ní ẹ má tú mi fó lójú oníbàárà. Mi ò ní kí ẹ má sọ fún èmi. Ìwọ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fà, èmi mọ bí mo ṣe jó o. Ká ní o fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí sídìí ògiri yẹn. Kì í ṣe èmi lo bò. Ìwọ lojú ń tì." Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ta ló wá ru ẹ̀bi ẹ̀. Mo sọ fún un. Ó gbé gíráńdà fún mi, ó ní kí n lọ lo ó, kí n sì mú un padà wá láti Oǹdó, torí òun mọ̀ pé Oǹdó ni mo ń lọ lọ́la.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa réésìnì, oje tó ń mú fáíbà le, sínú móòdù ọkọ̀. Réésìnì kì í dúró de ẹnikẹ́ni, tó bá ti pò ó, ó gbọ́dọ̀ pa á tán kó tó le. Nítorí náà, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo bá sọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀: fílà, róbótó, ẹrẹ̀ tí mo fi pa á, ọmọ-ẹ̀yìn tí kò jó rárá. Búrọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́ẹ̀kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó pa á dé òpin. Ó fọ ọwọ́ ẹ̀, ó pẹ́ níbi tó ti ń fọ̀ ọ́.

Ó ní, "Mo sì bú àgbàlagbà yẹn."

N kò tíì gbọ́ ohun tó rò nípa ọkọ̀ tó kán títí di òní. Ó wọ bàtà, a lọ sí orítá.

Bàbá wà ní ìjókòó iwájú nínú Márúwá, ó ń jẹ búrẹ́dì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bíi mẹ́fà wà nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ níbẹ̀, èmi náà tẹ̀lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Bàbá gbọ́ díẹ̀, ó wá na ọwọ́ tí búrẹ́dì wà, ó dá a dúró.

Ó ní, "Ìwọ dìde, kò sí lọ́rùn ẹ. Jẹ́ kí wẹ́dà sọ ọ́. Kó sì sọ ọ́ kí àwọn wọ̀nyí gbọ́."

Mo dìde, mo kọjú sí àwọn onímárúwá. Mo ní mo rí i pé ṣáásí ọkọ̀ yẹn ti kán rí, mo ní ó dára. Mo ní ọmọ-ẹ̀yìn kò jó lọ́jọ́ yẹn, mo ní ó jó. Mo ní ṣéènì tí Bàbá ní kí n so, tí mo ń kùn sí, òun ni kò jẹ́ kí ọmọ-ẹ̀yìn lọ gbá bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ta ló jó ṣáásí tó kán. Mo ní ọ̀gá mi ni, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ló ṣe, èmi ni mo so ẹrù mọ́ ọn.

Ọkùnrin kan tó ga ní, "Kápútéènì, ó wá jọ pé ọkọ̀ yín kò rì."

Bàbá ní, "Ó rì. Èmi kọ́ ni mo rì í ni."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ṣáà mọ̀. Ó ní wẹ́dà ti sọ̀rọ̀ tán, ta ló máa gbọ́ ti dírẹ́bà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó padà wá síbi iṣẹ́. Bàbá ní òun ti gbọ́, òun kò bínú, ṣùgbọ́n òun kò ní padà. Èrò kan dé, ó gbé e lọ. A dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí a tún ṣáásí náà ṣe. Ọ̀gá mi àti èmi la jọ ṣe é, a gé ibẹ̀ kúrò pátápátá, a fi irin tuntun sí i, ọ̀gá mi kò sì gba owó kankan. Dírẹ́bà míràn ló ń wà á. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi sọ̀rọ̀, ó kàn jẹ́ pé bí mo bá ti ṣe iṣẹ́ fún un tán báyìí, òun náà á gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, á wọ abẹ́ ẹ̀ lọ wò ó. N kò bá a wí.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, píkọ́ọ̀pù kan tó ń fa ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré yà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsìkàn. Bàbá ló sọ̀ kalẹ̀. Kọngílá kan ní Oǹdó ti gbà á. Ó ní ọkùnrin gíga orítá ló júwe òun fún un. Kọngílá náà wà nínú ọkọ̀, ó ń tẹ fóònù. Bàbá kí mi, ó béèrè ìyàwó mi, ó béèrè ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ táyà ẹ̀yìn.

Ó ní, "Wọ abẹ́ ẹ̀. Ohun tí o bá rí, sọ ọ́ sókè, ẹni tó ni ín wà níbí."

Mo tẹ́ páálí, mo dùbúlẹ̀. Mo ní nọ́ọ̀tì kan ti tú lára tóòbà. Mo ní ìpẹtà ti ń jẹ ẹsẹ̀ sípíríǹgì ọ̀tún. Mo ní ara tóòbà ni wọ́n so ṣéènì mọ́, kò dára. Kọngílá bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi mí pé ta ló so ó bẹ́ẹ̀. Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó yẹ kó wà.

Bàbá ní, "Kí ló tún kù?"

Mo ní ó ku ibì kan níwájú tí n kò tíì rí dáadáa, kí wọ́n na tọ́ọ̀ṣì sí mi.